Ẹ Má Pe Igi Tútù Ní Igi Gbígbẹ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta pákó fún wa ní Àbújá níbí, kí ló dé tí ẹ kì í sọ òótọ́? Èèyàn á béèrè igi apá tàbí igi ọ̀gànwó gbígbẹ, ẹ á ní, "Ọ̀gá, ó ti gbẹ pátápátá." Màá gbé e délé, màá dè é mọ́ ẹ̀rọ lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí n lè gbẹ́ ẹ di abọ́, bó ṣe ń yí ni omi ń ta sí mi lójú!

Igi tútù fúnra rẹ̀ ò burú o. Tí mo bá mọ̀ pé ó tútù, mi ò ní gbẹ́ abọ́ náà tán lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó fẹ̀ tó íǹṣì 10, màá jẹ́ kó nípọn tó íǹṣì 1, màá fi àbẹ́là yíyọ́ kun ibi tí wọ́n ti gé igi náà, màá tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí n tó parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ purọ́ fún mi, mo sì gbẹ́ ẹ tán lẹ́ẹ̀kan bí igi gbígbẹ! Ọyẹ́ apá Àríwá yìí kì í ṣeré rárá. Àwo pẹrẹsẹ tí mo ti fi yanrìn dán títí tó ń kọ mànà, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti là láti etí dé àárín. Owó igi lọ, owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ, oníbàárà ṣì ń pè.

Ẹ pe tútù ní tútù, màá rà á.