Imú Ọ̀gá Wa: Ẹ̀yẹ ni àbí Yẹ̀yẹ́?

Ayàwòrán Sábó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀gá wa tó máa ń ya kàtúùnù, tó tún ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù fún yín ní Sábó, a ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ ní Sátidé. Àwa mọ́kànlá, ọmọ iṣẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kálukú ya á sórí páálí bó ṣe kọ́ wa: imú gbọọrọ, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bíi ti lékelèke, awò ojú tó fi òwú dúdú so apá kan. A na okùn síwájú ilé, a fi ìkáṣọ há wọn mọ́ ọn. Àlejò ò tíì jẹun tán tí ẹ̀gbọ́n olóògbé fi jáde sí wa: "Ṣé ọ̀bọ lẹ fẹ́ fi àbúrò mi dà ni?" A kó wọn wọlé. Láti ọjọ́ náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Kí la ṣe tí kò dáa?

Ìyá Ẹlẹ́ja Èbúté: Ẹ ṣe ohun tí kò dáa. Mo wà níbẹ̀. Imú tí ẹ yà yẹn gùn ju ẹja àrọ̀ tí mò ń tà lọ. Òkú ò lè dá yín lóhùn, ẹ wá sọ ọ́ di ìran wíwò lójú opó rẹ̀. Fọ́tò gidi kan ṣoṣo tí wọ́n bá fi férémù sí ìbá ti tó.

Kọ̀ndọ́ Gáréèjì: Ìyá mi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Bàbá yẹn ya èmi náà rí. Mo rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹnu mi nìkan gba ìdajì páálí. Mo bínú fọ́jọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn àga dẹ́rẹ́bà. Àwọn èrò á wò ó, wọ́n á wò mí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó fẹ́ jà nítorí ṣéńjì á gbàgbé. Ẹni tó fi ẹnu mi ṣe ẹ̀fẹ̀, imú tirẹ̀ ló wá di òrìṣà?

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Agric: Ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀wọ̀, ẹ̀yẹ tí a mọ̀ fún òkú àgbà láyé àtijọ́ ni àkó. Wọ́n á gbẹ́ ère tó ga tó olóògbé fúnra rẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ àtàtà fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká. Kókó ibẹ̀ ni kó jọ ọ́, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n á ta gìrì. Kò sẹ́ni tó ń fẹ imú àkó.

Ayàwòrán Sábó: Ẹ̀gbọ́n, Ọ̀wọ̀ yín náà ló bí Akinola Lasekan lọ́dún 1916. Òun ló ń ya kàtúùnù sínú West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, tó ń fi "Lash" ṣe orúkọ. Kí ọ̀pọ̀ wa tó dáyé ló ti ń fi àwọn amúnisìn ṣẹ̀sín.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Agric: Ẹ ti fi ẹnu ara yín dá ẹjọ́ náà. Àwọn tó ń bá jà ló ń yà bẹ́ẹ̀! Egúngún aláré náà ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé Òyìnbó jáde, imú ṣọṣọrọ, irun ọ̀bọ lórí, ṣé wọ́n fi ń kẹ́ Òyìnbó ni? Ẹni tí a fẹ́ fi rẹ́rìn-ín là ń fẹ imú rẹ̀.

Tíṣà Ìgbógbó: Mo fẹ́ takò yín díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ère àwọn baba wa, ìbejì ni o, ẹlẹ́ṣin ni o. Orí nìkan máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, nígbà míì ìdá kan nínú mẹ́ta. Ti èèyàn gidi ò ju ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ lọ. Ṣé agbẹ́gilére ò mọ̀wọ̀n ni? Ifẹ̀ tó rọ orí idẹ tó jọ èèyàn bí ẹni máa sọ̀rọ̀, Ifẹ̀ yẹn náà ló rọ ère Ọọ̀ni tí wọ́n hú ní Ìta Yemòó lọ́dún 1957. Ojú rẹ̀ jọ ojú èèyàn rekete, àmọ́ ẹ wo orí lórí ara kúkúrú yẹn! Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é kó dọ́gba, wọ́n kàn yàn láti fẹ ibi tó ṣe pàtàkì lójú wọn. Orí ló gbé èèyàn wáyé, òun ni wọ́n gbé ga. Nítorí náà, fífẹ̀ nìkan kì í ṣe ìwọ̀sí nílẹ̀ wa.

Ìyá Ẹlẹ́ja Èbúté: Tíṣà, orí lẹ kà fún wa. Imú làwọn ọmọ yìí fẹ̀. Ta ló ń bọ imú?

Kọ̀ndọ́ Gáréèjì: 😂😂 Tíṣà, ẹ dáhùn o.

Alfa Kékeré: Àdúrà àti sàárà ni òkú nílò. Yíya ohun ẹlẹ́mìí kò tọ́ rárá, ká má tiẹ̀ sọ pé níwájú ilé tí wọ́n ti ń ṣe fìdáù.

Kọ̀ndọ́ Gáréèjì: Alfa wa, ẹ má bínú o. Pósítà wáàsí yín tó wà ní gáréèjì, ojú ta ló wà lórí rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Odògùnyàn: Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá láti òkèèrè. Charles Schulz ní Amẹ́ríkà, tó ya kàtúùnù Peanuts fún bí àádọ́ta ọdún, kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2000. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni èyí tó yà kẹ́yìn fún ọjọ́ Àìkú jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ ayàkàtúùnù yẹ́ ẹ sí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kálukú nínú kàtúùnù tirẹ̀. Charlie Brown, ọmọ inú Peanuts, àti ajá rẹ̀ Snoopy ni púpọ̀ wọn yà, kì í ṣe imú bàbá yẹn. Bọ̀ọ̀dá Ayàwòrán, kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò ya àwọn tí ọ̀gá yín dá sílẹ̀?

Ayàwòrán Sábó: Àbúrò, àwọn tí ọ̀gá wa dá sílẹ̀ dà? Ẹ̀yin náà ni! Kọ̀ndọ́, ẹlẹ́ja, alfa, tíṣà tó di ìwé mọ́ abíyá. Ká ní àwọn la yà, gbogbo yín lẹ ò bá máa bínú báyìí.

Ọ̀rọ̀ pé a fẹ imú ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ tuntun ló ń fẹ ohun gbogbo, ojú, etí, ẹnu, tí á wá di òkìtì. Ọ̀gá wa á gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Nígbà tí ẹni yẹn wọlé, kí lo kọ́kọ́ rí?" Ohun kan yẹn ni wà á nà. Ìyókù, wà á sún un kì. Bí imú bá máa gùn, ojú gbọ́dọ̀ kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ imú ò ní hàn mọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ya òun fúnra rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo dín imú kù. Ó gbé páálí náà jìnnà sójú, ó ní, "Ta nìyí? Àna mi ni?" Ó ki bírọ́ọ̀ṣì bọ yíǹkì, ó sì fa imú náà wálẹ̀ títí tó fi bo ẹnu tí mo yà. Ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi nà án, ìyá mi.

Ìyá Ẹlẹ́ja Èbúté: Ehn, ìyẹn ò sí nínú ohun tí ẹ kọ́kọ́ kọ. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò bá ti lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ fi hàn án.

Ayàwòrán Sábó: Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn. A ò ṣe é. Mo tọrọ àforíjì.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ní Agric: Èyí tí òun fúnra rẹ̀ fa imú sí yẹn, ṣé ó ṣì wà? Òun ni kẹ́ ẹ gbé síta.

Ọmọ Olóògbé: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, gbogbo yín. Ó wà lọ́dọ̀ wa, pálọ̀ ni wọ́n gbé e kọ́. Bọ̀ọ̀dá, inú màmá mi ò bàjẹ́ sí imú. Wọ́n ní kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńsùlù. Ọlọ́wọ́ òsì ni bàbá mi, etí òsì ni pẹ́ńsùlù máa ń wà. Nínú mọ́kànlá tí ẹ yà, mẹ́rin ló fi í sí etí ọ̀tún.

Ayàwòrán Sábó: Áà! Àǹtí, òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ tèmi. Yíǹkì ni, kò ṣeé pa rẹ́. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́rú pẹ̀lú páálí tuntun.