Èsì wa sí Ìyá Ìbejì lórí omi eré ọ̀fẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ìràwọ̀ méjì lẹ fún wa: ẹ ní omi eré náà, tó ń tú jáde sára àwọn ọmọ, ń rùn, kẹ́míkà ti pọ̀ jù, ojú àwọn ọmọ pọ́n, omi dá wáí láàárín eré, ilẹ̀ sì jó wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ má bínú.

Ti ilẹ̀, ẹ jàre wa. Kọnkéré tí omi kì í dé máa ń gbóná bí agbada gàrí lọ́sàn-án. Ó yẹ ká ti kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ wá ṣáájú aago 11 tàbí lẹ́yìn aago 4, kí wọ́n sì wọ bàtà rọ́bà tó di gìgísẹ̀ mú. Sílípáàsì lásán ló ń yọ ọmọ ṣubú jù. Àsìkò ọyẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ má wá ní kùtùkùtù, torí omi tiwa kì í ṣe ti Ìkọ̀gòsì tó ń gbóná fúnra rẹ̀. Bí ètè ọmọ bá ti ń gbọ̀n, ẹ nu ọmọ náà gbẹ.

Omi tó dá kò bàjẹ́. Ìṣẹ́jú 3 ni bọ́tìnnì ara òpó pupa ń fún yín. Ẹ tún un tẹ̀ ni.

Ti òórùn yẹn gan-an ni ká jọ sọ dáadáa. Kúlórínì, ìyẹn kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi, kì í rùn tó bẹ́ẹ̀ tó bá wà ní ìwọ̀n. Ìgbà tó bá pàdé ìtọ̀ àti òógùn ló ń di ohun tó ń ta ojú. Omi kan náà ló sì ń yí po: ó ń wọ ihò ilẹ̀, ó ń gba inú asẹ́, ó tún ń tú jáde sórí ọmọ ẹlòmíràn. Kúlórínì mílígíráàmù 1 sí 3 la fi ń sínú lítà omi kan. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la ń wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, a ti fi ọ̀sán kún un báyìí. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú kan ní ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó wọ inú omi eré, kẹ́ ẹ sì mú wọn lọ tọ̀ ní wákàtí wákàtí.

Páḿpásì lásán kò bójú mu níbẹ̀ rárá. Ó ń mu omi, á wú, á bẹ́, ohun bíi jẹ́lì inú rẹ̀ á sì dí asẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi (àwa náà ń tà á, a ò ní purọ́) ń dá ìgbẹ́ dúró díẹ̀. Kì í dá ìtọ̀ dúró. Ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru, ẹ fi í sílé: kòkòrò kan wà nínú irú ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó lè lo ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tí kúlórínì rẹ̀ pé.

Tẹ́ ẹ bá tún gbọ́ òórùn yẹn, ẹ pe ẹni tó wà ní kántà. Yóò pa ẹ̀rọ omi eré náà lójú yín, yóò sì wọn kúlórínì inú omi náà.