Lẹ́tà Ìyáàfin Loving

Bí ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà bá ti pé lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà a máa ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó láàárín dúdú àti funfun, wọn a sì máa ki Mildred Loving ní akíkanjú ajìjàgbara. Èmi náà bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ oríkì yẹn kò dùn mọ́ mi tó, nítorí pé ohun tí obìnrin yìí béèrè kéré ju ìjàgbara lọ.

Ní ọdún 1958 ni òun àti Richard, bíríkìlà aláwọ̀ funfun, lọ ṣe ìgbéyàwó ní Washington, torí pé òfin ìpínlẹ̀ Virginia ka irú rẹ̀ sí ọ̀ràn. Wọ́n padà sí Central Point, abúlé wọn ní Virginia, wọ́n sì fi ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wọn kọ́ sára ògiri yàrá. Oṣù méjì kò tíì pé lẹ́yìn ìgbéyàwó náà tí àwọn ọlọ́pàá fi já wọlé bá wọn lóru lórí ibùsùn. Nígbà tí tọkọtaya sì tọ́ka sí ìwé náà, àwọn ọlọ́pàá ní kò jámọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ní òun á dá ẹ̀wọ̀n náà dúró bí wọ́n bá kúrò ní Virginia, tí wọn kò sì jọ padà wá fún ọdún 25. Ọmọ ọdún 19 ni Mildred nígbà náà.

Lẹ́tà tó kọ sí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ACLU ní ọdún 1963 ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí. Ó ní àwọn mọ̀ pé àwọn kò lè gbé ní Virginia mọ́, pé káwọn ṣáà lè máa yà kí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, pé ọmọ mẹ́ta làwọn ní, àwọn kò sì lówó lọ́yà. Àbẹ̀wò lásán! Ìjọba tí irú ẹ̀bẹ̀ yìí ń tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀ ló yẹ kí ojú tì.

Ojú kò tì í. Ní ọdún 1965, nígbà tí àwọn lọ́yà ACLU ti gbé ẹjọ́ náà padà wá, adájọ́ tó dá wọn lẹ́bi kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọlọ́run ló fi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí ilẹ̀ tirẹ̀ kí wọ́n má baà dàpọ̀. (Ta ló wá kó àwọn baba ńlá ènìyàn dúdú sọdá òkun? Ọkọ̀ ojú omi náà kọ́ ló gbé àwọn baba ńlá tirẹ̀ dé?) Ọdún 1967 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fẹnu kò láìsí ẹnì kan tó yapa, òfin náà sì wó ní Virginia àti ìpínlẹ̀ 15 mìíràn.

Richard kọ́ ilé fún ìyàwó rẹ̀ ní Central Point. Ọ̀mùtí awakọ̀ kan ló fi mọ́tò pa á ní ọdún 1975, ìjàm̀bá kan náà sì fọ́ ojú Mildred kan. Kò fẹ́ ọkọ mìíràn, inú ilé yẹn náà ló sì ń gbé títí ó fi kú ní ọdún 2008.