Oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá tó tú ṣeé tún ṣe

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé bí oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá, èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ fi rọ́pò ti ara, bá ti bàjẹ́, dókítà ò rí nǹkan ṣe sí i mọ́, kí aláìsàn gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun lọ. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yọ èyí tó bàjẹ́, wọ́n sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo rí i lára ìyá mi, tí wọ́n ti ṣe irú oríkèé bẹ́ẹ̀ fún, ní Mushin. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ danfo, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń to eegun fi òróró wọ́ wọn. Ńṣe ni ìrora ń le sí i. Ẹ̀rọ X-ray ló fi hàn pé irin inú egungun itan ti tú. Òróró wo ló fẹ́ dé ibẹ̀?

Lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, egungun tó ti jẹ sì lè gba àfikún egungun. Bó bá jẹ́ kòkòrò àrùn ló wọ ibẹ̀, wọ́n sábà máa ń pín iṣẹ́ abẹ náà sí méjì: wọ́n á yọ irin, wọ́n á fi símẹ́ńtì ìṣègùn tí wọ́n po oògùn apakòkòrò mọ́ dí àyè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí tuntun tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti omi oríkèé wò ṣáájú.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí egungun ìbàdí wọn tètè ń kú tó fi lè gba oríkèé àtọwọ́dá, ló ń ka ọ̀rọ̀ yín yìí. Ẹ bá wa tún un kọ.