Àtúnṣe: Fòníkú-fọ̀ladìde kì í ṣe àrùn àwọ̀ dúdú

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé àwa dúdú nìkan ni fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe, pé èyí ló fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wa yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà yòókù. Irọ́ ni.

Ibà ló wà nídìí rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ AS, ìyẹn ọmọ tó jogún àbùdá àrùn yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, kì í sábà kú ikú ibà líle, nítorí náà níbi tí ẹ̀fọn ti ń fi ibà pa ọmọdé láti ayébáyé, AS pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nílẹ̀ wa. Àmọ́ ó wà ní Gíríìsì, ó wà ní Tọ́kì àti Sáúdí Arébíà, ó sì pọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà kan ní Íńdíà. Ẹ wá wo àwọn Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà: dúdú ni wọ́n, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn.

Irú èrò yìí ti ṣe ibi rí. Títí di 1950 ni Red Cross ní Amẹ́ríkà ń ya ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dúdú fi tọrẹ sọ́tọ̀, láìsí ìdí kankan nínú ìmọ̀ ìṣègùn.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìgbéyàwó. Ẹni tó gba irọ́ yìí gbọ́ lè fẹ́ ará Íńdíà láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń ṣe.