"Ṣé ó san owó orí ẹ ni?": Wẹ́fíà kì í béèrè bẹ́ẹ̀

Ìbéèrè yìí ti dá ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tó bímọ fún ọkùnrin tí kò tíì fẹ́ wọn padà kí wọ́n tó dé wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú ọmọ. Ìyá ọkùnrin á bi í, àǹtí tó wà ńbẹ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀, ọmọbìnrin á sì gbà pé òun ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Irọ́ gbáà ni. Ìyàwó ni wọ́n ń fi owó orí fẹ́. Ọmọ ló ni owó ìtọ́jú. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, abala 14, ní kí òbí tọ́jú ọmọ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Èkó ṣe tiwọn ní 2007. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 náà ní a ò gbọ́dọ̀ torí bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi nǹkan dù ú.

Ẹ má rò pé ìjọba á máa fún yín lówó lóṣooṣù o. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni láti ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ, kí gbogbo yín jókòó, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹ béèrè ọ́fíìsì wọn ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ lọ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ mú àdírẹ́sì bàbá ọmọ àti ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti sábà ń bàjẹ́: lẹ́tà ò lè dé "ilé kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí."

Ẹ má kàn dárúkọ owó lásán. Ẹ kọ ọ́: pámpásì mẹ́fà lójúmọ́ jẹ́ 180 lóṣù; pákéẹ̀tì mélòó nìyẹn, èló ni ọ̀kan lọ́jà yín? Ọṣẹ, oúnjẹ bó bá ti pé oṣù mẹ́fà, owó ọkọ̀ lọ sí kílíníìkì. Àjẹsára ìjọba, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fi sí i. Ohun kan ṣoṣo tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè mú kí wọ́n ṣiyèméjì sí ìyókù.

Bí ẹ bá fẹnu kò, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i. Kó máa fi owó náà ránṣẹ́ sí báǹkì. Owó tó fi sí yín lọ́wọ́ láìsí rìsíìtì, ó lè ní ìlọ́po mẹ́ta ni òun fún yín. Ẹ má sì torí pé ó san ti oṣù àkọ́kọ́ lọ fagi lé ẹjọ́.

Bó bá ní òun kọ́ ló ni ọmọ, wẹ́fíà ò lè fipá gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kóòtù Ẹbí ló lè pàṣẹ àyẹ̀wò DNA. Ẹ má mú ọlọ́pàá lọ bá a nítorí owó. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ò gbà kí wọ́n mú ènìyàn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́fíà kì í gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá torí pé kò lọ́kọ. Ẹni tó bá ní òun á fún yín lówó kí ẹ bímọ sílé òun, kí ẹ sì fi ọmọ sílẹ̀, ẹ sá fún un: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ni òfin 2003 là sílẹ̀ fún títa ọmọ.

Bí owó lọ́yà ò bá sí, ẹ lọ sí Legal Aid Council; l'Ékòó, Office of the Public Defender náà wà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbẹjọ́ aláìní rò.