Eku Wọ Ẹ̀wù Òjò ní Ìgbógbó

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin géńdé Ìkòròdú tí ẹ ń fi páálí la ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òjò lé mi wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbógbó, mo sì bá ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, tí irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn, tí wọ́n yí Labyrinth, eré orí tábìlì tó ní páálí tí a ya ọ̀nà sí, ká bí ìgbìmọ̀ afọbajẹ. Láti ọdún 1986 ni àwọn ará Jámánì ti gbé eré yìí jáde, n kò sì ní purọ́, ọpọlọ ni wọ́n fi ṣe é: o óò ti páálí kan wọlé láti ẹ̀gbẹ́, òmíràn yóò já bọ́ lódìkejì, ọ̀nà tí alátakò rẹ ti gbójú lé yóò sì di ògiri mọ́ ọn lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ti páálí náà padà síbi tó ti jáde. Mo kan sáárá sí wọn. Ẹ̀wù ni mi ò mọ̀ sí.

Káàdì 24 ni eré náà ní. Àwòrán iwin wà lára ọ̀kan, ti òwìwí wà lára òmíràn, eku náà ní tirẹ̀, wọ́n sì ra ọ̀rá dídán tó ṣe rẹ́gí, wọ́n fi wọ káàdì kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa dọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: eku wọ ẹ̀wù òjò. Òwìwí tó ní ìyẹ́ lára wọ ẹ̀wù òjò. Iwin, tí òjò kò pa rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, òun náà wọ ẹ̀wù òjò. Mo béèrè iye tí wọ́n ra ẹ̀wù ọ̀hún; nígbà tí wọ́n dá mi lóhùn, mo wá àga jókòó. Nínú ilé yìí kan náà, òrùlé ń jò sínú garawa láàárín gbọ̀ngán, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún páànù kan ṣoṣo láti ìgbà òjò èṣí.

Mo nawọ́ kí n wo eku ẹlẹ́wù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní: "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ bá wa fi ọṣẹ fọwọ́ ná." Nítorí ẹ̀pà tí mo ń jẹ! Ọwọ́ tí mo fi wẹ̀ ẹ́ lọ́mọ ìkókó!

Nígbà tí bàbá mi ń ta ayò lábẹ́ igi ọ̀dán, ihò 12, ọmọ ayò 48, kò sí ọ̀kan tó wọṣọ nínú wọn. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀bà tán ni wọ́n fi ń ta á, ọ̀ta ń bú òpè, ọmọ ayò sì ń dán sí i. Àmọ́ bí èmi bá nawọ́, wọn a ní obìnrin kì í ta ayò, kí n lọ bu omi wá. Ó ti lé ní ọdún 40 tí mo ti ń retí ẹni tí yóò jẹ́ kí n fọwọ́ kan eré ọkùnrin, ọṣẹ ni wọ́n wá nà sí mi yìí!

Ojú kò tilẹ̀ tì yín? Ẹ̀yin ọkùnrin mẹ́rin tí apá yín tó gbé òpó, ẹ kó owó páànù lọ dáṣọ fún eku inú àwòrán, ìyá yín sì ń sun orí ẹní tútù!

Mo fọwọ́ ṣá. Mo fọ ọ́ dé ìgúnpá. Kí n tó padà dé, wọ́n ti kó káàdì sínú àpótí, wọ́n ní eré ti parí. Garawa ti kún, ó ń ṣàn sílẹ̀. Àpótí ni gbogbo wọn sáré gbé sókè.